Ọdún Tí Ilé Wa Di Erékùṣù

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ń dún létí mi látìgbà èwe, màá ní ẹ̀rọ amúlétutù ni. Èyí tó wà lójú fèrèsé pálọ̀ wa ní Vickery Meadow, àdúgbò wa ní Dallas, á kọ́kọ́ gbọ̀n tìtì, á ké, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi sínú báàkéètì tí Dàmọ́lá àbúrò mi gbọ́dọ̀ máa dà nù láàárọ̀ lálẹ́. Ní àpátímẹ́ǹtì tó wà lókè orí wa, àwọn ará Burma ń gún ata. Nísàlẹ̀, ìyá kan tó wá láti Iraq ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ohùn tó jẹ́ pé bó bá pè wọ́n, èmi gan-an á dìde. Ọkọ̀ aláìsìkiriìmù ń yí ọgbà ká pẹ̀lú orin rẹ̀ kan ṣoṣo. Láàárín gbogbo ariwo yìí ni Màmá Àgbà jókòó sí, lórí àga ńlá tó kọjú sí bákónì, tí wọ́n ká ọwọ́ sórí itan, tí wọ́n ń sinmi. Màmá Àgbà ló bí bàbá mi. Ọ̀gá àgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní Ṣakí títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ọdún yẹn ni wọ́n sì wá lo àsìkò ooru lọ́dọ̀ wa, nítorí Dádì ní kí wọ́n wá sinmi.

Ìsinmi yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílé wa. Dádì ti sọ fún gbogbo ayé pé ìyá àwọn ti ṣiṣẹ́ tó, pé lọ́dọ̀ àwọn, wọn ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju ṣíbí lọ. Bí Màmá Àgbà bá sún mọ́ ìgbálẹ̀, Mọ́mì á ti gbà á: “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ jókòó, ẹ sinmi.” Bí wọ́n bá fẹ́ fọ abọ́, ẹ̀rọ ń fọ abọ́. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ, Dádì á gba aṣọ lọ́wọ́ wọn, á sì ká a wúruwùru níṣojú wọn. Kódà rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, èmi ni mò ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Yàrá kan náà ni èmi àti wọn ń lò, bí wọ́n bá sì sùn lọ́sàn-án, wọ́n máa ń pe orúkọ àwọn ọmọ iléèwé wọn lójú oorun, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn líle. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó yá, mo rí i pé bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, wọn kì í kúrò lórí orúkọ yẹn, ni mo bá ń dáhùn pé “Present, ma”, kí kíláàsì lè máa lọ. Mo ti jẹ́ Múfútáù rí. Mo ti jẹ́ Comfort. Mo ti jẹ́ ọmọ kan tó ń jẹ́ Jímọ̀ tí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún pé kó lọ gé èékánná rẹ̀, mo sì máa ń wo èékánná mi kí n tó dáhùn. Mo fẹ́ràn Màmá Àgbà ju bí mo ṣe lè sọ lọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n ń lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn ní ìparí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa padà sílé. Dádì fẹ́ kí wọ́n dúró di ọdún Kérésì, ó sì ti ṣèlérí yìnyín fún wọn, nínú Dallas yìí tí yìnyín lè má yọjú rárá títí ọdún á fi parí. Lálaalẹ́ ni Dádì máa ń bi wọ́n pé ṣé kí àwọn pe àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Màmá Àgbà á ní, “Àá máa wò ó ná.” Dádì ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni. Mọ́mì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ oògùn pípò ni wọ́n ń ṣe, tó sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò kọ́ ló máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, kò gbà bẹ́ẹ̀. “Baba Fọlá, ‘àá máa wò ó ná’ kì í ṣe yes o.” Nǹkan kan ṣoṣo tó ń mú ojú Màmá Àgbà tàn ni àmàlà ìrọ̀lẹ́, dúdú, gbígbóná, tó ń yọ èéfín. Bí kò bá ti sí àmàlà, wọ́n gbà pé àwọn ò tíì jẹun lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti jẹ ìrẹsì, ẹran adìyẹ àti kéèkì ọjọ́ ìbí ẹlòmíràn.

Iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà náà, oòrùn ṣì ń ta bí ẹni pé wọ́n gbàgbé láti pa á. Olùkọ́ wa pín orílẹ̀-èdè fún wa, kálukú á dúró níwájú àwọn òbí, á ṣàlàyé bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń jẹun àti ohun tí wọ́n lè ṣe kí nǹkan dẹrùn fún wọn. Nàìjíríà ni mo fẹ́. Ọmọkùnrin kan tó rò pé inú Brazil ni Nàìjíríà wà ni wọ́n gbé e fún. Èmi, erékùṣù kan ló kàn mí, ó kéré débi pé lórí máàpù, orúkọ rẹ̀ gùn ju ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo sunkún délé. Dádì gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ètò ọrọ̀ ajé ni Dádì kọ́ ní yunifásítì nílé, Amẹ́ríkà ló sọ wọ́n di nọ́ọ̀sì, wọn ò sì tíì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀ ajé láti ìgbà tí wọ́n ti dé, àfi àwọn aláìsàn tí kò lè dìde sá lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n kà á sókè. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn àti òkúta, kò sí odò, oko kò gbòòrò. Ìrẹsì wọn, ìyẹ̀fun wọn, gáàsì mọ́tò wọn, bébà tí ọmọ wọn fi ń kọ ABD, ọkọ̀ ojú omi kan ló ń gbé gbogbo rẹ̀ wá láti ibi tó jìnnà. Bí epo bá wọ́n níbòmíràn, owó ọkọ̀ á gòkè, bí owó ọkọ̀ bá sì gòkè, búrẹ́dì á kéré lórí tábìlì ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń wa epo. Ohun tí wọ́n ní láti tà kò ju ẹja lọ, àti etíkun tí àwọn àlejò ń wá nà gbalaja sí, àti àwọn ọmọ wọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí Dádì ka ibẹ̀, wọ́n gbé ìwé náà sílẹ̀. Wọ́n wo fíríìjì. Wọ́n wo àpò ìrẹsì. “Fọlákẹ́,” ni wọ́n wí, “you don't even need to read it. Inú erékùṣù yìí lò ń gbé.”

Bí ilé wa ṣe di erékùṣù nìyẹn. Nídìí oúnjẹ alẹ́, Dádì yan ìjọba. Àwọn fúnra wọn ni mínísítà fún ètò ọrọ̀ ajé. Mọ́mì ni gómìnà báńkì àpapọ̀, nítorí àwọn nìkan ló mọ ibi tí owó wà. Dàmọ́lá ni kọ́sítọ́ọ̀mù, kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ wọlé tí kò ní tú wò, ó sì fọwọ́ dan-in dan-in mú iṣẹ́ náà, torí lọ́jọ́ kejì ó gbẹ́sẹ̀ lé bisikíìtì tí Mọ́mì rà, ó sì jẹ ẹ́ tán lórúkọ ìjọba. Èmi ni aṣojú ìlú lókè òkun, ìyẹn ní iléèwé. Dádì wá yíjú sí Màmá Àgbà, wọ́n ní, “Màmá mi, ẹ̀yin ni ará ìlú.”

Màmá Àgbà wò wọ́n títí. “Èmi nìkan?”

“Ẹ̀yin nìkan, Mà.”

“Ìjọba mẹ́rin, ará ìlú kan.” Wọ́n mi orí. “Kò yàtọ̀ sí tilé.”

“Kí wá ni iṣẹ́ ará ìlú?” ni Màmá Àgbà tún bi Dádì.

“Ìgbádùn ni, Màmá. Everything is for you. Ẹ ṣáà máa sinmi.”

Màmá Àgbà ní, “Mo gbọ́,” wọ́n sì padà sórí àga wọn.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọkọ̀ ojú omi tiwa. Èlùbọ́ tí Màmá Àgbà ń jẹ kì í hù ní Texas. Ìyá Ìbejì ló ń gbé e wá. Yorùbá tó bá ti gbé Dallas rí mọ irú Ìyá Ìbejì yìí, ará ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń lọ sí Èkó tó ń bọ̀, tí gbogbo èèyàn á fi ẹrù rán, débi pé aṣọ tirẹ̀ kì í rí àyè nínú báàgì rẹ̀. Gaàrí yín, irú wa, èlùbọ́ Màmá Àgbà, àgbo ìbà tí ẹnì kan bẹ̀bẹ̀ fún ní Wylie lẹ́yìn odi Dallas, gbogbo rẹ̀ ló ń wọnú báàgì yẹn. Bó bá ti balẹ̀, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri, àwa náà á lọ gba tiwa, àá sì dúró kí i pẹ́ títí bí ẹni pé òun la wá wò. Ọdún yẹn, Ìyá Ìbejì lọ, kò bọ̀. Ọmọ rẹ̀ bímọ ní Èkó, ó ní òun ń bá wọn wẹ ọmọ, pé bí Ọlọ́run bá fẹ́, òun ń bọ̀ nígbà tí ọmọ bá mọ́rùn dúró. Ká tó lọ bèèrè ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń ta oúnjẹ ilé ní èlùbọ́ ti tán lọ́wọ́ àwọn, kọ̀ǹténà àwọn wà lórí omi, àwọn ò mọ omi wo. Èyí tó kù lọ́wọ́ àwọn tó fi pamọ́, iye tí wọ́n ń pè é mú kí gómìnà báńkì àpapọ̀ rẹ́rìn-ín jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Àpò èlùbọ́ wa gbẹ. Mọ́mì gbọ̀n ọ́n, wọ́n tún un gbọ̀n, ìyẹ̀fun díẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ kò tó bo ọwọ́ ọmọdé.

Ìjọba kọ́kọ́ wá àfidípò. Mọ́mì lọ oats, wọ́n rò ó lórí iná, ó funfun bí ògiri. Dádì ní bó bá ṣáà ti dúdú, ẹnu ò ní mọ̀, ni wọ́n bá bu kòkó tí a fi ń mu tíì sí i, kòkó aládùn. Màmá Àgbà mú òkèlè kan, wọ́n fi gbẹ́gìrì gbé e, wọ́n gbé e mì. Wọ́n fọwọ́ lé tábìlì. “Wálé,” ni wọ́n wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “kí ni mo ṣe ọ́?” Dádì ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní àwọn ò bínú. Wọ́n ní kí Dádì ṣáà gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn. “Ọjọ́ Sunday yìí kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá jẹ àmàlà gidi nínú ilé yìí lọ́jọ́ náà, àá jọ sọ̀rọ̀ Kérésì. Bí mi ò bá jẹ ẹ́, o ò ní fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì mi mọ́. Wàá sìn mí lọ sí ẹ́páòtù, wàá sì máa rẹ́rìn-ín.” Dádì gbé ojú sókè, mo rí i pé omi wà níbẹ̀. Dádì tó ga tó yẹn, tó ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Mo lọ sínú yàrá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún àmàlà.

Lọ́jọ́ kejì ni Dádì kéde pé erékùṣù wa á ṣe èlùbọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ra iṣu wálé, páálí kan gbáko. Dàmọ́lá dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ka ara páálí náà.

“Daddy, it says Ghana.”

“Ehn?”

“So it's imported.”

“Raw material nìyẹn,” ni Dádì wí. “Yàgò lọ́nà.”

Gbogbo wa wá kóra jọ síwájú Màmá Àgbà. A ní ará Ṣakí ni wọ́n, ibi tí iṣu ti ń jáde, tí wọ́n sì dàgbà tó báyìí, ọ̀rọ̀ ti bù ṣe. Dádì gbé ọ̀bẹ lọ́wọ́, wọ́n ní, “Màmá, báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀?” Màmá Àgbà ní bẹ̀rẹ̀ kí ni. Dádì ní èlùbọ́. Màmá Àgbà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Èmi? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, ìgbà wo ni mo fẹ́ sá iṣu? Rírà ni mò ń rà á.” Ojú tí Dádì ṣe nígbà náà, bí wọ́n bá ní wọn kì í ṣe ọmọ bàbá wọn, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní, “Gbogbo ìgbà tí mo wà lọ́mọdé...” Màmá Àgbà ní, “O ò bi mí.” Mọ́mì, ọmọ Surulere, ti ń wo òde lójú fèrèsé kí ẹnikẹ́ni má baà bi àwọn. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, mo máa ń rò ó pé kò sí ẹni tí kò ń dúró de ọkọ̀ ẹlòmíràn, kódà ní Ṣakí. Nígbẹ̀yìn, Dádì ní àwọn rántí ohun tí wọ́n rí nígbà kan tí wọ́n lọ lo họlidé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn lóko: wọ́n á bó iṣu, wọ́n á gé e, wọ́n á fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n á sá a sóòrùn. Ohun tó kù, wọ́n ní àwọn ti sùn nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Orí bákónì la kọ́kọ́ sá a sí, lórí aṣọ ibùsùn tó mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ Dallas kì í sá fún èèyàn, ẹ̀yin ló máa yà fún un. Wọ́n fi igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ṣe àtẹ̀gùn, wọ́n wọ erékùṣù wa láìgba àṣẹ, kọ́sítọ́ọ̀mù sì ń fi ìbọn olómi yìn wọ́n títí omi fi rẹ iṣu náà lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kan jókòó sórí ẹ̀ka igi tó kọjú sí wa, ó di iṣu mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń jẹ ẹ́, ó ń wò wá. Kí ọ̀rọ̀ náà tó tutù, obìnrin kan láti ọ́fíìsì àpátímẹ́ǹtì wá kan ilẹ̀kùn, ó ní òfin ò gba kí a máa sá ohunkóhun sórí bákónì, ó sì ń na ọrùn wo ohun tó wà nílẹ̀. Dádì jáde lọ sínú mọ́tò láti lọ ra àwọ̀n. Wọ́n di sítẹ́ẹ̀rìn mú, ó jó wọn lọ́wọ́, wọ́n sì pariwo. A sáré jáde. Ariwo ayọ̀ ni. “Inú mọ́tò!” ni Dádì ń wí, tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́. “Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ló fẹ́ ṣílẹ̀kùn mọ́tò?”

Mọ́tò Dádì wá di fakitírì. A tẹ́ tówẹ̀ẹ̀lì sórí gbogbo àga, a to iṣu tuntun síbẹ̀, a to ó sí iwájú níbi tí oòrùn ti ń wọlé, a to ó sẹ́yìn lábẹ́ gíláàsì, a sì ti gbogbo fèrèsé pa. Dádì ń bá ẹlòmíràn wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí tiwa ní òrùlé, òjìji ló wà níbẹ̀ látàárọ̀. Dádì gbé mọ́tò lọ síwájú ọ́fíìsì, níbi tí oòrùn ti ń ta jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tó sọ pé wọ́n á wọ́ ọkọ̀ ẹni tó bá páàkì síbẹ̀ láìláṣẹ. Mọ́mì fi pátákó hàn wọ́n. Dádì ní àwọn tó ń páàkì ni wọ́n ń bá wí, àwa ò páàkì, iṣẹ́ la ń ṣe. Màmá Àgbà ń wo fakitírì náà láti orí bákónì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dìde kúrò lórí àga wọn, wọ́n di ìrin bákónì mú, wọ́n ní, “Wálé, èyí tó wà lẹ́yìn, ṣé o ti yí i?” Dádì ní, “Màmá, oòrùn yìí le, ẹ wọlé lọ sinmi.” Wọ́n wọlé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti tún bọ́ síbẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn tí iṣu ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún wàrà-wàrà bí a bá yí i, èmi àti Màmá Àgbà wà lórí bákónì nígbà tí ọkọ̀ gbọ̀gbọ̀rọ̀ kan wọlé, ó fi ìwọ̀ kọ́ mọ́tò Dádì, ó gbé imú rẹ̀ sókè. A rí i bí iṣu ṣe ń yọ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. “Àkànkẹ́!” ni Màmá Àgbà ké, orúkọ oríkì mi nìyẹn, “wọ́n ń gbé èlùbọ́ lọ!” Wọn ò rántí mọ́tò rárá. Wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi ń pe gbogbo iléèwé sórí ìlà kígbe mọ́ awakọ̀ náà pé kó dúró síbẹ̀. Awakọ̀ gbójú sókè, ó juwọ́ sí wa, ó lọ.

Mọ́mì fi mọ́tò tiwọn kó gbogbo wa lọ síbi tí wọ́n ń kó irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sí. Ní gbogbo ọ̀nà, Dádì ń ṣàlàyé fún mi pé báyìí ló máa ń rí, ẹrù á dé èbúté tán, wọ́n á dá a dúró, ará ìlú á máa wò ó láti òkèèrè. Mọ́mì ní bí Dádì bá tún sọ ọ̀rọ̀ kan sí i lórí fúríwèé yìí, àwọn á já wọn sílẹ̀. Ilẹ̀ olókùúta ńlá ni ibẹ̀, tí kò sí igi kan. Ọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn kan tó dé fìlà ló jáde sí wa. Kò tíì fẹ́ gba owó. Ó ní kí Dádì kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ yẹn fún òun, pé ó ń rùn, pé ó dà bí egungun, pé òun ti pe ọ̀gá òun. Dádì gbé àyà síwájú.

“It is an import substitution program.”

Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Mọ́mì fọwọ́ bojú. “Baba Fọlá, ẹ jọ̀ọ́.” Wọ́n yíjú sí ọkùnrin náà, wọ́n ní oúnjẹ ilé wa ni. Ó ní, “In the car?” Dàmọ́lá ní, “It's from Ghana,” ó sì bà á jẹ́ pátápátá. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Màmá Àgbà fi sọ̀kalẹ̀ látinú mọ́tò Mọ́mì. Wọ́n fi sílípáàsì rìn lórí òkúta náà, wọ́n ní kí ó ṣílẹ̀kùn. Ó ṣí i. Ooru tó jáde síta fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gèlè wọn. Màmá Àgbà mú iṣu kan níwájú mọ́tò, wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n gé e. Ó ró. Gbogbo wa dúró, a ń wo àgbọ̀n wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n gbé e mì, wọ́n kọjú sí ọkùnrin náà.

“Food,” ni wọ́n wí. “And when you are talking to your elders, remove your cap.”

Ó ṣí fìlà. “Yes, ma'am.” Wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní rárá. Wọ́n fún un ní iṣu gbígbẹ kan, ó fi sápò àyà rẹ̀, ó ní ìyá àgbà òun náà máa ń sá èso sẹ́yìn mọ́tò nígbà tí òun wà ní kékeré, òun kàn ti gbàgbé ni. Dádì san ohun tí wọ́n ní kí wọ́n san. Láti ìgbà tí Màmá Àgbà ti dé Dallas, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn ṣáájú ọjọ́ náà, àfi lójú oorun, mi ò sì tíì rí wọn kí wọ́n rìn kíá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wá dúró níwájú àwọn òbí ní iléèwé, bàbá ọmọ kan bi mí pé kí ló dé tí àwọn ará erékùṣù yẹn ò kúkú gbin oúnjẹ tiwọn. Mo sọ ti ọ̀kẹ́rẹ́ fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín, olùkọ́ mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ṣàwàdà. Títí di òní, bí mo bá ka ìròyìn ìlú kékeré kan láàárín òkun tí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ́, tí ìyẹ̀fun sì tán, mo kọ́kọ́ máa ń rí Dádì pẹ̀lú ọwọ́ tó jó, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà á wá dùn mí. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Ilẹ̀ ló kéré, omi ló pọ̀, ẹlòmíràn ló sì ń wa ọkọ̀.

Ọjọ́ Àìkú tí Màmá Àgbà dá yẹn, a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ tí Mọ́mì fi ń lọ kofí ni wọ́n fi lọ èlùbọ́ náà, ó pariwo títí àwọn ará òkè fi fẹsẹ̀ janlẹ̀. Dádì rò ó fúnra wọn, òógùn ń bọ́. Kò dúdú, kò funfun, ó kó kókó díẹ̀, òórùn páálí olóòórùn dídùn tó máa ń rọ̀ mọ́ dígí mọ́tò sì ti wọ inú rẹ̀ lọ. Màmá Àgbà fọwọ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n mú òkèlè. Ìjọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró yí tábìlì ká. Wọ́n tún mú òkèlè mìíràn. Wọ́n jẹ ẹ́ títí abọ́ fi mọ́.

“Màmá?” ni Dádì wí.

“Kò dáa.”

Dádì jókòó.

“Ó ń rùn bíi mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ gé e nípọn jù. Omi tí ẹ fi rẹ ẹ́, mi ò rò pé ó gbóná tó.”

“Ó dáa, Màmá,” ni Dádì wí. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. “Mi ò ní fọwọ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò lè pa á mọ́ra.

“Ta ló ń sunkún? Ṣé mo ti parí ọ̀rọ̀ ni?” Màmá Àgbà fọwọ́ nu ẹnu. “Lọ́la, ẹ lọ ra iṣu mìíràn. Èmi ni màá gé e. Èmi ni màá rẹ ẹ́, èmi ni màá sọ̀kalẹ̀ lọ yí i. Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ kó mi wọlé, ẹ gbé mi sórí àga, ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó bá tún ní kí n sinmi nínú ilé yìí, màá nà án. Àti ìyàwó, àti ọmọ.”

Mọ́mì wo ilẹ̀. Dádì fa àga wọn sún mọ́ tábìlì. “Màmá... tíkẹ́ẹ̀tì yẹn wá ńkọ́?”

“Pe àwọn tó ni bààlúù,” ni Màmá Àgbà wí. “Sọ fún wọn pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́.”